Egbò Inú Igbó àti Owó Tí Ó Wà Nídìí Rẹ̀

Okota, àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè rí egbò igi wú mọ́, nítorí pé ilé, ṣọ́ọ̀bù àti títì ọlọ́dà ti bo ilẹ̀ rẹ̀ láti Ago Palace Way títí dé Cele, níbi tí títì Okota ti já sí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí egbò kì í wọ àdúgbò náà. Inú ìgò àgbo tí àwọn alágbo ń gbé kiri láàárọ̀ ni ó ń gbà wọlé, inú paraga tí wọ́n ń tà nídìí ọkọ̀, inú pákò tí wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì, àti inú egbò gbígbẹ tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn lékùlẹ́jà ń pàtẹ ní ọjà Ìsọlọ̀ àti ní Ojúwòyè ní Muṣin. Gbogbo egbò wọ̀nyí ni ẹnì kan ti wà jáde kúrò nínú ilẹ̀ níbòmíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà nínú igbó tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín síbẹ̀. Orí yìí dá lórí owó tí ẹni tí ó wà á ń rí, ìdí tí owó náà fi ń kéré sí i bí ọjọ́ ti ń lọ, ohun tí wíwú egbò ń ṣe sí igi fúnra rẹ̀, àti ohun tí ó lè ṣe sí ara ẹni tí yóò mu omi rẹ̀.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fi wíwá egbò ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nìkan. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kò tíì tó ká, ọdẹ tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò yọrí sí ẹran, obìnrin tí ó wọ igbó lọ ṣẹ́ igi ìdáná, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń fi àdá àti ọkọ́ wa egbò tí wọ́n bá bá pàdé, tí wọ́n sì ń kó o jọ sí ẹ̀yìn ilé di ọjọ́ ọjà. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ jẹ́ àfikún, owó tí a fi ń ra iyọ̀ àti ìwé ọmọ, kì í ṣe owó tí a fi ń kọ́lé. Nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ gidi lójú wọn, kò sí ẹni tí ó ń ṣírò iye wákàtí tí ó lò nídìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bi ara rẹ̀ bí igbó náà yóò ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá òní.

Irú òwò yìí lókìkí jù lọ ní àwọn òkè Appalachia ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará oko ní West Virginia, Kentucky àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí wọn ká ti ń wa gbòǹgbò ewéko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ginseng, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́ Panax quinquefolius. Láti ọdún 1716 tí àlùfáà ará Faransé kan, Joseph-François Lafitau, ti rí i nínú igbó nítòsí Montreal ní Kánádà ni ọ̀nà rẹ̀ sí ilẹ̀ Ṣáínà ti là, nítorí pé àwọn ará Ṣáínà ti ń lo ìbátan rẹ̀ tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí oògùn agbára. Nígbà tí ó sì di ọdún 1784, tí ọkọ̀ ojú omi Empress of China gbéra láti New York lọ sí Canton, ginseng tí ó tó nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù ni olórí ẹrù rẹ̀. Títí di òní, gbòǹgbò ginseng inú igbó tí ó ti gbẹ lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là wá lórí pọ́n-ùn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbìn sí oko tí wọ́n sì da ajílẹ̀ sí nídìí kò tó ìdá kékeré nínú iye náà.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nípa ginseng ni bí wọ́n ṣe ń díye lé e, ju bóyá ó ń wo àìsàn kan tàbí kò wò ó lọ. Lọ́dọọdún tí igi rẹ̀ bá wọ̀wé, ojú àpá kan máa ń kù sí ọrùn gbòǹgbò náà, nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ rà á lè ka àwọn àpá wọ̀nyí kí ó sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láìbéèrè. Bí ó bá ti dàgbà tó, tí ó sì lọ́ pọ̀ bí ohun tí ó bá òkúta jà lábẹ́ ilẹ̀, ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó. Òfin sì gbá ọjà náà mú: láti ọdún 1975 ni ginseng Amẹ́ríkà ti wà lábẹ́ CITES, èyí tí í ṣe àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, gbòǹgbò inú igbó tí kò bá tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, nínú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣí ìkórè, nígbà tí èso rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹni tí ó bá sì wa gbòǹgbò ní láti gbin èso pupa rẹ̀ sí ibi kan náà. Àwọn tí ń jí i wà kò tán, òfin kò sì dé gbogbo kọ̀rọ̀ òkè, ṣùgbọ́n ó kéré tán, owó àti òfin jọ kọjú sí ọ̀nà kan náà: ẹni tí ó bá ní sùúrù ni yóò pa owó jù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó sún mọ́ ginseng jù lọ nínú ìlò ni akéréjùpọ̀n, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ Sphenocentrum jollyanum. Igi kékeré ni, tí kì í sábà ga ju ènìyàn lọ, tí ó máa ń wà lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá nínú igbó kìjikìji láti Sierra Leone títí dé Cameroon. Ẹ̀ka rẹ̀ kò pọ̀, èso rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn bí ó bá gbó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wá: bí wọ́n bá gé e, inú rẹ̀ pọ́n yòò bí àtalẹ̀ pupa, ó kan lẹ́nu, ohun tí ènìyàn bá sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọkùnrin ń rún un bí orín, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú ògógóró, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń kó sínú paraga nítorí okun ọkùnrin. Àwọ̀ pípọ́n rẹ̀ wá láti inú àwọn èròjà kíkorò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkaloid, ìyẹn àwọn kẹ́míkà tí ewéko ń ṣe láti fi lé kòkòrò àti ẹranko sẹ́yìn, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn sì lè ṣiṣẹ́ gidigidi nínú ara ènìyàn. Irú wọn kan náà ni ó sọ èèpo igi tí wọ́n ń pè ní dókítà igbó di pípọ́n, èyí tí àwọn alágbo ń sè fún ibà.

Ẹni tí ó bá ń mu akéréjùpọ̀n nítorí àtibímọ yẹ kí ó fetí sí ohun tí ilé ìwádìí rí. Nígbà tí wọ́n fún akọ eku ní omi gbòǹgbò rẹ̀, èròjà ara tí ń mú ọkùnrin ṣe bí ọkùnrin, ìyẹn testosterone, lọ sókè, ṣùgbọ́n iye àtọ̀ eku náà àti bí ó ṣe ń yára rìn lọ sílẹ̀. Eku kì í ṣe ènìyàn, wọn kò sì tíì ṣe ìwádìí tí ó tó lára ọkùnrin láti fi dá ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, okun àti ọmọ kì í ṣe ohun kan náà, àwọn tí ń polówó egbò nínú ọkọ̀ láti Cele sí Mile 2 sì máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Bí akéréjùpọ̀n ṣe ń dé Èkó fi ìdí tí kò fi lè di ginseng hàn. Ẹni tí ó wà á yóò tà á ní òkìtì fún alájàpá tí ó wá sí abúlé, alájàpá yóò kó o pọ̀ mọ́ èèpo àti ewé mìíràn sínú àpò, yóò sì gbé e lọ sí ọjà ńlá bí Bódè ní Ìbàdàn tàbí Ojúwòyè ní Muṣin, níbẹ̀ ni wọn yóò ti gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọn yóò dì í ní ìdì kéékèèké, tí alágbo Okota yóò sì rà á. Ní gbogbo ibi tí ó gbà kọjá, òkìtì àti ìdì ni wọ́n fi ń díye lé e. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń san owó lé e nítorí pé ó ti so èso kí wọ́n tó wú u, gbòǹgbò ọmọdé àti ti àgbà sì ń wọ ìdì kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fi igi kékeré sílẹ̀ kí ó dàgbà ti pàdánù fún ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀ lọ́la. Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi náà ru àìmọ̀kan àwọn ará abúlé; kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ẹni tí ó wú gbogbo rẹ̀ ti ka ọjà náà bí ó ṣe rí gan-an. Ohun tí ó kù ni pé ọ̀nà tí yóò rìn kí ó tó rí òmíràn ń gùn sí i, nígbà tí iye tí alájàpá ń san kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, títí owó àfikún náà yóò fi di owó iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Kì í ṣe pé egbò ilẹ̀ Áfíríkà kò tíì rí ọjà òkèèrè rí. Asofẹ́yẹjẹ, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ Rauvolfia vomitoria, ni àpẹẹrẹ tí ó gbòòrò jù. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú láti ayébáyé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n sè é, aláìsàn yóò sì sùn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ó bá mu ún. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel ní Switzerland yọ èròjà reserpine láti inú gbòǹgbò ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina, láìpẹ́ jọjọ, ó di oògùn tí gbogbo ayé ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ. Ìbéèrè pọ̀ ju igi lọ. Ìjọba Íńdíà ká kíkó gbòǹgbò náà jáde lọ́wọ́ kò, àwọn ilé oògùn sì yí ojú sí Áfíríkà, nítorí pé reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Kóńgò ni ó ta jù, àwọn ará oko sì wa gbòǹgbò inú igbó ní tọ́ọ̀nù lọ́nà tọ́ọ̀nù.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àró ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Dókítà ará Kánádà kan tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Raymond Prince, kọ ìwé jáde ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ṣe ń lo Rauvolfia fún wèrè, ó sì hàn gbangba pé ohun tí Basel ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn tipẹ́. Robert Woodward ní Harvard kọ́ bí a ṣe lè to reserpine papọ̀ nínú ilé ìwádìí ní ọdún 1956, iṣẹ́ tí ó gba ìyìn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju wíwà á nínú ilẹ̀ lọ, nítorí náà, àwọn ilé oògùn kò jáwọ́ nínú gbòǹgbò. Ohun tí ó pa ọjà náà ni pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun dé tí ìpalára wọn kéré sí ti reserpine, èyí tí ó lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá, kí ó dí imú, kí ó sì fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn tí ó sì tún ń mu àgbo tí asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀ ń da oògùn lé oògùn láìmọ̀, nítorí pé alágbo kò lè sọ iye reserpine tí ó wà nínú ife kan: ó yàtọ̀ láti igi dé igi, púpọ̀ rẹ̀ sì wà nínú èèpo gbòǹgbò ju inú igi rẹ̀ lọ.

Orín àtà, Zanthoxylum zanthoxyloides, kò lọ sí òkèèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú orúkọ Ifẹ̀ lọ. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, tí ó ń hù ní etí òkun àti ní ẹ̀gbẹ́ igbó, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń ta ẹnu bí ata tí yóò sì mú un kú díẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rún un fún eyín dídùn. Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò yìí dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú àwo ìwádìí, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì tí ń fa àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Iṣẹ́ náà ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ewéko àti àrùn yìí ní Nàìjíríà. Niprisan, oògùn tí àjọ ìwádìí oògùn NIPRD ní Abuja ṣe jáde láti inú àpapọ̀ iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà, tí NAFDAC sì fọwọ́ sí ní ọdún 2006, kò ní orín àtà nínú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà náà lè dé ilé iṣẹ́ oògùn. Pé kò pẹ́ lórí àtẹ lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti ilé iṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ewéko lọ.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí igi tí wọ́n gba egbò tàbí èèpo lára rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ìṣirò owó náà ti ń dàrú. Gbòǹgbò kékeré bí ti akéréjùpọ̀n kì í ní ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá fà á tu, igi náà ti kú, àwọn èso tí ì bá so ní ọdún tí ó ń bọ̀ sì ti bá a lọ. Ti èèpo yàtọ̀ díẹ̀. Lábẹ́ èèpo òde ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí oúnjẹ tí ewé sè pẹ̀lú oòrùn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìpele mìíràn tí ń bí igi tuntun sínú àti èèpo tuntun sóde. Bí wọ́n bá bó èèpo yí igi po, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbú ọwọ́ kan péré, oúnjẹ kò ní kọjá mọ́; ewé lè tutù yọ̀yọ̀ fún oṣù mélòó kan, èyí tí ń tan ẹni tí ó bó o jẹ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ebi ń pa gbòǹgbò, igi náà yóò sì gbẹ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ahùn àti ọ̀gánwó nítòsí abúlé ni wọ́n ti bó báyìí, orógbó sì ń jìyà ìlọ́po, nítorí pé wọ́n ń kó èso rẹ̀, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n sì ń gé ọmọ rẹ̀ fún orín.

Cameroon ti kọ́ èyí lọ́nà líle. Lórí òkè Cameroon ni igi kan wà tí ń jẹ́ Prunus africana, tí àwọn ilé oògùn ní Yúróòpù ń ra èèpo rẹ̀ fún ẹṣẹ́ pírósítéètì tí ó wú nínú àwọn àgbà ọkùnrin, ìyẹn ẹṣẹ́ tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, tí wíwú rẹ̀ máa ń mú kí ó ṣòro fún baba arúgbó láti tọ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ owó kíákíá gé igi náà lulẹ̀ kí wọ́n tó bó o. Ó wọ abẹ́ CITES ní ọdún 1995, nígbà tí ó sì di ọdún 2007, ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ríra rẹ̀ láti Cameroon dúró títí ètò tí ó mọ́yán lórí yóò fi wà. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ rọrùn láti rántí: igi tí kò bá tíì tóbi tó ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà kò gbọdọ̀ fara gbọ̀bẹ, bí ó bá tó, ìdá mẹ́rin ni wọn yóò pín ara rẹ̀ sí, wọn yóò bó ìdá méjì tí ó kọjú síra, wọn yóò fi méjì yòókù sílẹ̀, wọn kò sì ní padà wá fún wọn títí ọdún mélòó kan yóò fi kọjá tí ojú àkọ́kọ́ ti bò. Kò sí ohun tí ó ní kí irú ìlànà yìí má ṣiṣẹ́ fún dókítà igbó tàbí ọ̀gánwó, àyàfi pé kò sí ẹni tí ń san owó lé e.

Ewu mìíràn wà tí kò kan igi rárá, tí ó jẹ́ ti ẹni tí yóò mu egbò. Egbò tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ tí ó sì ti gbẹ kò ní ewé, kò ní òdòdó, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti ọgọ́rùn-ún mìíràn. Ní Brussels ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan láti fọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù kíndìnrín wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé egbò Ṣáínà kan tí ó yẹ kí ó wà nínú oògùn náà ni wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò, èyí tí ó wá láti inú ìdílé Aristolochia. Àwọn ewéko inú ìdílé yìí ní májèlé kan tí ń jẹ́ aristolochic acid, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń fa jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀, àjọ àgbáyé lórí ìwádìí jẹjẹrẹ sì ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ọ̀kan nínú ìdílé yìí, Aristolochia ringens, ni àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Èkó ń tà ní akọ igún, tí wọ́n sì ń kó sínú àgbo. Àìsàn kíndìnrín kì í dé lọ́jọ́ tí ènìyàn mu ún, ó lè gba oṣù tàbí ọdún, nítorí náà, pé àwọn ènìyàn ti ń mu ún tipẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó ṣubú lulẹ̀ kò fi hàn pé kò léwu. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fẹnu kàn án, pàápàá aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro.

Bí a bá sì fi egbò sílẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, a óò rí i pé owó inú igbó kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò wá láti abẹ́ ilẹ̀. Ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Okota mọ̀ sí ewé mọ́ínmọ́ín, ni Thaumatococcus daniellii; gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rákò lábẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n bá sì gé ewé rẹ̀ lónìí, òmíràn yóò yọ. Àwọn obìnrin ní igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925 tí ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà, ń gé e wọ́n sì ń dì í, ọkọ̀ sì ń kó o wá sí Èkó fún ẹlẹ́kọ, olóúnjẹ ọ̀fadà àti alásè ayẹyẹ. Èso rẹ̀ pupa náà kò ṣe é fojú rénà: ní ọdún 1972 ni wọ́n yọ èròjà thaumatin láti inú rẹ̀ ní Netherlands, ohun tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 sí 3,000, ilé iṣẹ́ Tate & Lyle sì sọ ọ́ di ọjà. Ní Ghana, bákan náà, àwọn ará oko ń ṣa èso igi àjàrà igbó tí ń jẹ́ Griffonia simplicifolia ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn tí ń yọ èròjà 5-HTP nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lò fún oorun àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí ó ṣa èso tàbí já ewé lè padà sí ibi kan náà ní ọdún tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó wa akéréjùpọ̀n kò lè padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wa egbò síbẹ̀síbẹ̀ ní láti mọ̀ pé igbó ọba kì í ṣe igbó aláìlólúwa: òfin igbó ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ka egbò àti èèpo mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó. Lórí ilẹ̀ tirẹ̀, asofẹ́yẹjẹ àti orín àtà kò ṣòro láti fi sílẹ̀ nínú oko tí ó ti di igbòrò, akéréjùpọ̀n sì fẹ́ òjìji, nítorí náà, abẹ́ kòkó bá a mu ju gbangba oòrùn lọ. Gbòǹgbò tí a bá fẹ́ tà yẹ kí a fọ̀, kí a gé e sí gígùn tí ó ṣì ṣe é dá mọ̀, kí a sì sá a sórí àtẹ tí kò kan ilẹ̀, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí pé èyí tí ó bá bu nínú àpò, pàápàá ní ìgbà òjò tí ọ̀rinrin Èkó kò jẹ́ kí nǹkan gbẹ, lè ní aflatoxin, májèlé tí ń ti ara èbu wá tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kì í mú un kúrò tán. Egbò tí wọ́n wú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tàbí létí kànáàlì tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá kò yẹ fún mímu rárá, nítorí pé gbòǹgbò ń fa irin olóró bí òjé mọ́ra láti inú ilẹ̀.

Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ń rà á ní òpin ọ̀nà. Alágbo tí ó bá ń ra egbò lọ́dọ̀ ẹnì kan náà ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lè béèrè pé kí ó máa dé ní odidi, kì í ṣe wẹ́wẹ́, kí ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé rẹ̀ sì bá ìdì kọ̀ọ̀kan wá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà èso, kí wọ́n jẹ́ kí ó rí i pé igi náà ti so. Ewé ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe akọ igún ni wọ́n fi rọ́pò ohun tí ó sanwó fún, èso sì ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe igi ọmọdé ni wọ́n fà tu. Irú egbò bẹ́ẹ̀ yóò wọ́n ju ti òkìtì lọ, alájàpá yóò sì kọ́kọ́ kùn, ṣùgbọ́n iye tí ó fi wọ́n jù náà ni ẹni tí ó wà á ní Ọmọ yóò kọ́kọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ìdí láti fi èyí tí kò tíì so sílẹ̀.